ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: OHUN TÍ Ń LÉ MÁJÈLÉ JÁDE NÍNÚ Ẹ̀GẸ́

Bí o bá pàdé irú àkọlé yìí nínú ìdánwò, má ṣe fi àkókò rẹ ròyìn bí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tàbí iye tí wọ́n ń ta gààrí lọ́jà. Àlàyé ni wọ́n ní kí o ṣe. Sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ka èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, kí o sì kíyè sí bí gbólóhùn kan ti ń fa òmíràn.

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Pọtogí ni wọ́n gbé e wá sí Áfíríkà láti ilẹ̀ Bùràsílì. Lónìí, ta ni kì í jẹ gààrí, láfún tàbí fùfú láàárín wa? Síbẹ̀, o ti lè gbọ́ nípa ewúrẹ́ tí ó mu omi tí wọ́n fún lára ẹ̀gẹ́, tí ó sì kú. Báwo ni ohun tí ó pa ẹran ṣe wá di oúnjẹ ènìyàn?

Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí à ń pè ní linamarin. Májèlé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a so ó mọ́ ṣúgà, kò sì lè ṣe ibi kankan níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní síso. Èròjà kejì ni linamarase. Ẹ́ńsáìmù ni èyí, ìyẹn ni pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà inú ohun ẹlẹ́mìí tí ń mú kí àyípadà tí ì bá pẹ́ yára ṣẹlẹ̀, tí àwọn fúnra wọn kì í sì í tán nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ linamarase ni láti gé ṣúgà kúrò lára linamarin. Ìyókù tí ó bá ṣẹ́ kù kì í pẹ́ tú, sáyánáìdì a sì jáde.

Nínú ẹ̀gẹ́ tí ó ṣì wà lóko, àwọn méjèèjì kì í gbé yàrá kan náà. Linamarin wà nínú àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì. Linamarase wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Àfi bí òkété bá gé e jẹ tàbí bí ọ̀bẹ bá kàn án ni wọ́n ń pàdé. Ohun ìjà ẹ̀gẹ́ nìyẹn.

Kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ ìwà linamarase, wọ́n ní láti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Wọn a lọ èèpo inú ẹ̀gẹ́, èyí tí ó nípọn tí a máa ń bó sọnù, pẹ̀lú omi tútù, nítorí pé ó pọ̀ níbẹ̀. Wọn a sẹ́ ẹ, wọn a da iyọ̀ kan sí i kí èròjà náà lè dì, lẹ́yìn náà wọn a yà á kúrò lára àwọn tí wọ́n jọ dì. Wọ́n rí i pé ibi tí omi bá ti kan díẹ̀, ní nǹkan bí pH 6, ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí omi náà bá kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ a rọ. Ooru díẹ̀ a máa mú un yára, ṣùgbọ́n omi híhó a bà á jẹ́ pátápátá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọn a kọ ọ́ pé iná ni ó ń pa májèlé ẹ̀gẹ́. Rò ó wò. Bí o bá ju odidi ẹ̀gẹ́ kíkorò sínú omi tí ó ti ń hó, linamarase ni iná yóò kọ́kọ́ pa. Linamarin kì í tètè bàjẹ́ nínú omi híhó. Yóò bá oúnjẹ wọ inú rẹ, àwọn kòkòrò inú ìfun sì lè tú u níbẹ̀. Ẹni tí ì bá ràn ọ́ lọ́wọ́ ni o pa.

Àwọn ìyá wa tí ń ṣe gààrí kò gbọ́ orúkọ linamarase rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́, ògiri sẹ́ẹ̀lì ti fọ́, àwọn méjèèjì ti pàdé, láàárín wákàtí díẹ̀ ọ̀pọ̀ linamarin a sì ti tú. Wọn a dì í sínú àpò, wọn a fi òkúta tẹ̀ ẹ́, omi a sì gbé májèlé lọ. Láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá lò nínú àpò, a máa kan, èyí tí ó tú dé ìdajì a sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ooru agbada yóò fi tú u tán. Sáyánáìdì a máa di afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n ooru 26 péré lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì. Kí ni yóò wá dúró ṣe lórí iná? Nítorí èyí ni kò fi dára kí a yan gààrí nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ní ti láfún, a kì í rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Inú omi ni a ń rẹ ẹ́ sí títí yóò fi rọ̀.

Má rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni èyí. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní agbègbè Nampula ní ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì, ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó kù fún wọn láti jẹ. Ebi kò jẹ́ kí wọ́n dúró kí iṣẹ́ náà parí. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn kú lójijì, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àrùn yìí kì í sàn. Konzo ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Kóńgò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí a dì pọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Òsúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí àìsàn iṣan kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ìwádìí náà sì tọ́ka sí oúnjẹ ẹ̀gẹ́.

Howard Bradbury, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni ó wá ronú ọ̀nà tí kò gba owó. A ó po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ omi, a ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí ó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, a ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 5 lábẹ́ ibòòji tàbí wákàtí 2 nínú oòrùn. Linamarase tí ó ti gbẹ mọ́ inú ìyẹ̀fun náà a rí omi, a sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a rò ó jẹ.