Sún Mọ́ Ọn, Ṣùgbọ́n Má Dí Ẹnikẹ́ni Lójú

Àárọ̀ Sátidé ni, ní Peckham. Ìyàwó jókòó ní yàrá òkè, wọ́n ń wé gèlè fún un, ìyá rẹ̀ ń wá bàtà kan tó sọnù, ẹnì kan sì ń pariwo nísàlẹ̀ pé mọ́tò ti dé. Wọ́n ti san owó onífọ́tò, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló ti máa pàdé wọn. Ìwọ lo wà nítòsí, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ní kí o máa ya díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. Kí lo máa yà?

Ohun tó ń dán ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ wá lójú: òrùka nínú àpótí rẹ̀, bàtà, ìgò lọ́fínńdà. Kò burú. Àmọ́ òrùka náà á ṣì wà lọ́wọ́ ìyàwó lẹ́yìn ogún ọdún. Gèlè yẹn, alẹ́ ni wọ́n máa tú u. Mo ní fọ́tò òrùka bí ogún láti ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi. Ọwọ́ ìyá wa tó so iyùn mọ́ ọn lọ́rùn kò sí nínú ọ̀kankan. Ìyá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Nítorí náà, ohun tí kò ní pẹ́ lọ ni kí o kọ́kọ́ yà.

J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014, mọ èyí dáadáa. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, irun dídì àti irun kíkó, àti lẹ́yìn náà gèlè. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, níwájú ògiri tàbí aṣọ tí kò ní ohunkóhun lára. Ọ̀kan tó yà ní 1975 ni wọ́n ń pè ní Onílé Gogoro. Irun yẹn ti tú tipẹ́. Fọ́tò ló kù. Ìwọ náà, lọ sẹ́yìn gèlè, ibi tí gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ ti pàdé, kí o sì rí i pé kò sí báàgì tàbí wáyà ṣájà lẹ́yìn ohun tí o ń yà.

Kọ́kọ́ nu ojú kámẹ́rà fóònù rẹ. Òróró pọfù-pọ́ọ̀fù ti wà níbẹ̀. Pa fíláàṣì, pa iná àjà, kí o mú ìyàwó sún mọ́ fèrèsé. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òun ló ń fi ojú iṣẹ́ hàn lára léèsì àti aṣọ òkè. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í ríran dáadáa bí o bá sún wọn mọ́ nǹkan jù, nítorí náà fà sẹ́yìn díẹ̀, kí o wá tẹ 2x. Tẹ ibi tí o fẹ́ kó mọ́, kí o di ìka rẹ mú níbẹ̀. Bí léèsì funfun tí wọ́n rà ní Rye Lane bá ń tàn jù, fa ìka rẹ wálẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ dín kù. Bí o bá yá kámẹ́rà ńlá, f/2.8 á mú ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo mọ́, èyí tó kù á ri bàìbàì. Gbìyànjú f/5.6 tàbí f/8.

Níbi ìdáná, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ bá àwo obì, orógbó àti ataare dọ́gba. Nígbà tí àlàgà bá ní kí ìyàwó mú ẹ̀bùn kan, tó sì na ọwọ́ sí Bíbélì, ọwọ́ yẹn ni kí o máa retí. Má dúró síwájú onífọ́tò. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, gbé fóònù sílẹ̀, kí o ṣe Àmín.

Ibi ìfọwọ́síwèé ńkọ́? Láti 1837, orúkọ bàbá nìkan ló máa ń wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Láti 4 May 2021 ni orúkọ ìyá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó pẹ́! Ṣùgbọ́n má ṣe ya ìwé náà débi tí lẹ́tà rẹ̀ á fi hàn: àdírẹ́sì wà níbẹ̀, WhatsApp ẹbí ò sì ní ìlẹ̀kùn. Gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ètò, kí o ya ọwọ́ tó di bírò mú, kí o sì yíjú sí ìyá tó ń wò ó láti orí àga rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbí lè má mọ̀ pé ẹtù tó wà lọ́rùn bàbá rẹ̀, bàbá àgbà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, tàbí pé iyùn yẹn ti lo ọjọ́ mẹ́ta ìgbéyàwó ṣáájú tòní. Ó máa rí aṣọ aláró kan lásán, á sì kọjá lọ. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un lálẹ́ Jímọ̀, kí ó lè mọ ibi tó máa sún mọ́: ojú okùn tí wọ́n tún rán, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá tàwọn yòókù mu.

Kí o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, da àwọn fọ́tò náà kọ síbòmíràn, nítorí WhatsApp máa ń dín ìmọ́lára wọn kù. Kọ orúkọ ẹni tó ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ìyá àgbà ṣì wà ní pálọ̀ tí o lè bi í.