Bí Fíláàṣì Bá Kọ̀ Tí Kò Gba Iṣẹ́ Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣómólú àti Bàrígà,

Ojúkò ìtẹ̀wé ni àdúgbò wa yìí. Ojoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń fi fíláàṣì gbé iṣẹ́ wá: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà. Bí kọ̀ǹpútà bá wá ní òun kò lè kọ nǹkan sí i, ẹlòmíràn a ní kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ kíá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́máàtì a máa nu ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, iṣẹ́ oníbàárà a sì bá a lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkíní, bí ó bá ṣì ṣeé kà, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Ìkejì, ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì ayé ijọ́un: bí a bá ti ṣẹ́ eyín kékeré orí rẹ̀, kò gba ohùn tuntun mọ́, àfi bí a bá fi sẹ́lótéèpù bo ihò náà. Káàdì kámẹ́rà náà ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, títì ló wà. Ẹ sún un sókè. Àwọn fíláàṣì kan náà ní irú rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ wo bí wọ́n ṣe fọ́máàtì rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó 4GB, bí àyè tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fídíò òde kiri, ẹ fetí sí èyí. Èyí tó bá jẹ́ NTFS, kọ̀ǹpútà Mac a kà á, ṣùgbọ́n kò ní lè kọ nǹkan sí i, àfi bí wọ́n bá fi ètò mìíràn kún un. exFAT ló bá tọ̀tún tòsì mu. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò ni kí ẹ tó fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT.

Ìkẹrin, fíláàṣì a máa gbó, bí ojú ìwé tí a ń kọ tí a ń pa rẹ́ títí tó fi lu. Bí ó bá gbó, òmíràn a ti ara rẹ̀ pa: a lè kà á, a kò lè kọ ọ́. Fọ́máàtì kò lè wo èyí sàn. Ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ ra òmíràn.

Ní ìparí, kí ẹ tó fa fíláàṣì yọ, ẹ kọ́kọ́ ní kí kọ̀ǹpútà tú u sílẹ̀. Ẹ má sì fi ìwé gbèsè oníbàárà tàbí ìṣirò owó yín sínú fíláàṣì nìkan. Ẹ ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́