Kí Ló Dé Tí Wáìnì Funfun Fi Ń Bá Ẹja Lọ? Ẹ Jẹ́ Ká Bi Vermentino

"Wáìnì pupa fún ẹran, wáìnì funfun fún ẹja." Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fáàrí olówó lásán ni. Rárá o! Kẹ́mísìrì wà nínú ẹ̀, Vermentino, wáìnì funfun láti etíkun Ítálì, ló sì máa jẹ́ ká rí i dáadáa.

Ibo ló ti wá?

Vermentino lorúkọ èso àjàrà náà, òun náà lorúkọ wáìnì tí wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n ń gbìn ín ní Liguria, ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkè àti òkun, àti ní erékùṣù Sardinia. Èyí tó lókìkí jù ni Vermentino di Gallura, láti àríwá ìlà oòrùn Sardinia. Lọ́dún 1996 ni wọ́n fún un ní DOCG, òǹtẹ̀ tó ga jù lọ fún wáìnì ní Ítálì.

Iṣẹ́ tí òkun ń ṣe

Oòrùn Sardinia máa ń mú janjan. Tí ooru bá sì pọ̀ jù, èso àjàrà á máa lo malic acid inú ara ẹ̀ tán (ásíìdì yìí náà ló ń mú kí ápù kan), wáìnì ẹ̀ á wá tẹ́ lẹ́nu. Àmọ́ omi òkun kì í tètè gbóná bí ilẹ̀. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn tútù á fẹ́ wá látorí òkun, á sì bá àjàrà náà dín ooru kù. Ìdí nìyẹn tó fi lè pọ́n dáadáa, síbẹ̀ tó ṣì máa ń kan díẹ̀.

Òórùn ẹja

Tí ẹja òkun bá kú, bakitéríà máa ń sọ èròjà kan nínú ẹran ara ẹ̀ di trimethylamine. Òun ló ń rùn yẹn! Tí ásíìdì bá pàdé ẹ̀, á yí i padà débi pé kò ní lè fò sínú afẹ́fẹ́ mọ́, imú wa ò sì ní gbọ́ òórùn ẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ń fọ ẹja. Ásíìdì inú Vermentino náà ń ràn wá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ irin ni, kì í ṣe ẹjọ́ àwọ̀

Kí wá ni wáìnì pupa ṣe? Lọ́dún 2009, Takayuki Tamura àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Japan gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní káwọn èèyàn tọ́ oríṣiríṣi wáìnì wò pẹ̀lú scallop, ẹran inú ìkarahun òkun kan. Bí irin inú wáìnì bá ṣe pọ̀ tó ni òórùn ẹja ṣe ń le tó lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n fi èròjà míì de irin náà mọ́lẹ̀, òórùn náà lọ sílẹ̀. Irin sábà máa ń pọ̀ nínú wáìnì pupa ju funfun lọ, àmọ́ wáìnì pupa tí irin ẹ̀ kéré lè bá ẹja lọ láìsí wàhálà.

Kí la lè fi jẹ?

Ní Liguria, wọ́n ń fi Vermentino jẹ ẹja díndín àti pesto, ọbẹ̀ tútù tí wọ́n ń fi ewé basil (mọ̀lẹ́bí efinrin), áyù, wàràkàṣì àti òróró ólífì gún. Ní Sardinia, bottarga ni, ìyẹn ẹyin ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sì sá gbẹ. Vermentino máa ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun, iyọ̀ sì máa ń pa ìkorò. Ẹ ò rí i pé wọ́n bára mu!

Ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí ńkọ́? Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja yín. Ásíìdì ni ásíìdì ń jẹ́, kò ní kẹ́ ẹ ra ìgò.