Ta Ni Ń Pinnu Ibi Tí Aboyún Yóò Bí Sí?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ìrọbí bá mú aboyún lóru ní Kábúà, tàbí lóko lọ́nà odò Ọ̀pàrà, ta ni ń pinnu ibi tí yóò bí sí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọkọ ni, tàbí ìyá ọkọ. (Ìyá ọkọ, ẹ má bínú sí wa.) Bí ọkọ bá rin ìrìn àjò, a ó jókòó dè é, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Owó pẹ̀lú ń dẹ́rù bani. Ní oṣù kẹrin 2009, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ sí san owó iṣẹ́ abẹ fún aboyún tí kò lè bí fúnra rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó alùpùpù láti abúlé àti oúnjẹ ẹni tí ń dúró tì í, ọrùn ẹbí ni ó wà.

Ìwádìí ìjọba ní 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú ìbímọ 100, bí 84 ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, fún ọmọ 100,000 tí a bí láàyè, ìyá 391 ni ó kú. Dídé ibẹ̀ nìkan kò tó: àwọn kan pẹ́ kí wọ́n tó dé, àwọn mìíràn dé, wọn kò rí ìtọ́jú gbà lásìkò. Obìnrin tí agbẹ̀bí bá sì ti bú nígbà àkọ́bí rẹ̀, ilé ni yóò fẹ́ bí èkejì sí, a kò sì lè bá a wí.

Kí oyún tó pé oṣù méje, kí tọkọtaya jọ sọ ọ́: ta ni yóò gbé e lọ, níbo ni owó wà, ta ni yóò pàṣẹ bí ọkọ kò bá sí nílé?