Ẹ Gbọ́ Ohun Tó Ń Mú Amusìgá Ju Páálí Nù

Kì í ṣe ìbẹ̀rù ikú o! Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sára páálí sìgá ní Nàìjíríà pé amusìgá lè tètè kú. Àwọn tó ń mu ún kà á, wọ́n sì tún ṣáná sí òmíràn. Ikú jìnnà lójú ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó wà nítòsí ló ń dun èèyàn.

Ẹ wo ibùdókọ̀ Ìjànikin, lójú títì Èkó sí Àgbádárìgì. Tábìlì tí wọ́n ti ń ta súìtì àti bisikíìtì náà ni sìgá wà, wọ́n á fi okùn so láítà mọ́ ọn kí oníbàárà má baà gbé e lọ. Dírẹ́bà ra ẹyọ kan, kọ̀ńdọ́ ra ẹyọ méjì. Bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ mọ́, kí wọ́n má sì tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Ẹyọ-ẹyọ yìí ni kì í jẹ́ kí amusìgá mọ iye tó ń ná. Ẹni tó ń mu igi márùn-ún lóòjọ́, igi 1,825 ló mu lọ́dún. Páálí ológún igi tó lé ní 91 nìyẹn! Ẹ fi iye tí páálí kan jẹ́ ládùúgbò yín sọ ọ́ lọ́nà 91, kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá mélòó ló wà níbẹ̀. Ìṣirò yìí ti mú ọ̀pọ̀ jáwọ́ ju ìwàásù lọ.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọmọ ni. Ọmọ kékeré á he ìdí sìgá nílẹ̀, á fi sẹ́nu, á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde bíi bàbá ẹ̀. Bàbá tó bá rí irú ìyẹn, ẹ̀rín ẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu. Èéfín tó ń fẹ́ jáde nínú yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń sùn sí, ìyàwó àti ọmọ ló ń fà á sínú. Ó lè jẹ́ kí aboyún bí ọmọ tí kò wúwo tó, ó sì ń mú kí ikọ́ fée ọmọdé le sí i. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń yan ẹja, èéfín igi ìdí ààrò ti tó yín jẹ, ẹ ò nílò ti sìgá lé e.

Àwọn Mùsùlùmí kan máa ń ti inú ààwẹ̀ Rámádánì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbé e tì láti ìdájí dìrọ̀lẹ́ fún odindi oṣù kan ti mọ̀ pé apá òun ká a. Ìgbà ìṣínu ni wàhálà wà, torí sìgá làwọn kan fi ń tẹ̀lé omi.

Etíkun yìí sì ti mọ tábà tipẹ́. Láyé òwò ẹrú, tábà tí wọ́n fi omi ìrèké pa, tó ń ti Bahia nílẹ̀ Brazil wá, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra èèyàn létíkun yìí lọ dé Ouidah. Ẹ ò rí nǹkan?

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù. Orí á máa fọ́ ọ, oorun á dá lójú ẹ̀, á máa kanra. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ fara dà á, nikotíìnì inú tábà ló ń bínú. Òòfà ọ̀hún kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Kó mu omi tútù, kó ju orógbó sẹ́nu, kó sì kúrò nídìí paraga, torí ọmọ ìyá ni ọtí àti sìgá.

Ṣé kò tíì pẹ́ jù? Dókítà Richard Doll àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tọpa àwọn dókítà ọkùnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1951 fún àádọ́ta ọdún. Lọ́dún 2004 ni wọ́n gbé e jáde pé ẹni tó jáwọ́ ní 30 ọdún jèrè bí ọdún 10 sí ẹ̀mí ẹ̀. Ẹni 40 jèrè 9, ẹni 50 jèrè 6, ẹni 60 pàápàá jèrè 3.

Ọ̀pọ̀ ló ń padà sí i lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kàn bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá onítábìlì náà, tí oníbàárà bá ti ní òun jáwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún un láwìn.