Ìsọdọ̀tun Àmì Ìdánimọ̀ Ọjà Tí A Forúkọ Rẹ̀ Sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Àwọn oníṣòwò ìpínlẹ̀ wa ń fi àdìrẹ, ọṣẹ dúdú àti òrí ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti forúkọ àmì ìdánimọ̀ ọjà wọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìforúkọsílẹ̀ yìí ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìṣe ohun tí òfin béèrè, wọn yóò pa á rẹ́, ẹlòmíràn sì lè wá béèrè fún orúkọ kan náà.

Níhìn-ín ní Nàìjíríà, ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wà fún. Bí a bá sọ ọ́ dọ̀tun, ó di ọdún 14. Ẹni tí òfin ilé ti mọ́ lára lè fọkàn balẹ̀ jù. Ọdún 10 ni ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí ọdún 10 náà tó pé, òun sì ni a fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù lọ.

Láàárín ìgbà tí ọdún 5 bá pé àti ìgbà tí ọdún 6 bá pé, ẹni tí ó ni àmì gbọ́dọ̀ búra nínú ìwé fún USPTO, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, pé òun ṣì ń lò ó lórí ọjà tí òun ń tà níbẹ̀. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni a ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n forúkọ àmì kan sílẹ̀. Àyè ìbúra ṣí ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, yóò sì tì ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 2027. Òfin fi oṣù 6 kún un fún ẹni tí ó bá pẹ́, pẹ̀lú àfikún owó. Ìsọdọ̀tun gan-an, pẹ̀lú ìbúra mìíràn, yóò wáyé láàárín ọdún 2030 sí 2031.

Ìbúra nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí kún un: àwòrán ọjà tí àmì náà hàn lára rẹ̀, tàbí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà ti lè rà á. Àdìrẹ tí a tà ní Ìtòkú fún ará Abẹ́òkúta kò wúlò fún èyí. Èyí tí a fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Houston ni ó wúlò. Bí ìwé ẹ̀rí yín bá dárúkọ ẹ̀wù àti fìlà, tí ó sì jẹ́ ẹ̀wù nìkan ni ẹ ń tà níbẹ̀, ẹ yọ fìlà kúrò kí ẹ tó búra. USPTO máa ń yan àwọn kan fún àyẹ̀wò.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ẹni tí kò gbé ní Amẹ́ríkà kò lè dá ìwé wọ̀nyí fi ránṣẹ́. Agbẹjọ́rò tí ó ní àṣẹ iṣẹ́ níbẹ̀ ni yóò ṣe é. Ó lè wuni láti lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ń gbé lọ́hùn-ún kí a lè yẹra fún owó agbẹjọ́rò. A kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ ń gbé ni òfin ń béèrè.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, dọ́là 325 ni owó ìbúra fún ìsọ̀rí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kẹwàá, ìbúra àti ìsọdọ̀tun jọ di dọ́là 650. Aṣọ tí a kò tíì rán wà ní ìsọ̀rí 24, èyí tí a ti rán sì wà ní ìsọ̀rí 25, nítorí náà ẹni tí ó forúkọ àmì sílẹ̀ fún méjèèjì yóò san ìlọ́po méjì.

Orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí ó ni àmì wà ní gbangba, àwọn oníjìbìtì sì ń kọ̀wé sí wọn bí ẹni pé ìjọba ni. Íméèlì USPTO máa ń parí sí uspto.gov. Bí lẹ́tà kan bá ní kí ẹ sanwó kíákíá, ẹ fi han agbẹjọ́rò yín ná.

Ẹ lè fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín wo ipò tí àmì yín wà ní tsdr.uspto.gov lọ́fẹ̀ẹ́. USPTO máa ń fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí íméèlì, ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ dé, ọjọ́ kò ní yí padà. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ íméèlì láti ìgbà ìforúkọsílẹ̀, ẹ sọ fún agbẹjọ́rò yín kí ó tún un ṣe.