Ìrètí Onígbàgbọ́ ní Oríta Ayé Òde-Òní

Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ nǹkan tí yóò wúlò fún àwọn ọmọ tí ń jáde lọ́dún yìí, kí ó má sì jẹ́ ìwàásù. Fún ẹni tí ó ti fi ìwàásù ṣe iṣẹ́ láti ìgbà èwe, ẹrù tí ó wúwo ni wọ́n gbé lé wa lórí yẹn, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú. Ìrètí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni ó tètè ń sá kúrò nínú ọkàn àwọn ọ̀dọ́ wa, òun náà sì ni a sábà máa ń fi ohun mìíràn rọ́pò láìfura.

Ẹni tí ó bá dúró fún wákàtí kan péré ní oríta Orè yóò rí ìrètí lóríṣiríṣi. Ọ̀nà kan ti Èkó wá, ó ń lọ sí Bìní. Ọ̀kan yà sí Òkìtìpupa, òmíràn gba Odígbó wa kọjá lọ sí Oǹdó. Ọ̀dọ́ kan ń wọkọ̀ lọ sí Èkó, èrò rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni òun yóò ti rí ọ̀nà dé ìlú òyìnbó. Òmíràn jókòó sí ìsọ̀ tẹ́tẹ́, ó ń ṣírò iye góòlù tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò gbá wọlé. Pátákó ìsọjí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ṣèlérí ọkọ, ọmọ, ilé àti físà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn bàbá wa tí wọ́n rí ogun ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba ìhà Bìní dé Orè kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé “ó le kú, ìjà Orè”, mọ̀ pé bí ọ̀nà yìí ti lè gbé ọrọ̀ wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ó lè gbé ikú wọ̀lú. Gbogbo ohun tí àwọn èrò ọ̀nà wọ̀nyí gbé sọ́kàn ni a ń pè ní ìrètí. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ìmọ̀ òye ni a kọ́kọ́ ń kọ́ kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé Ìjọ gbà pé Ọlọ́run tí ó fún wa ní ìgbàgbọ́ ni ó fún wa ní ọpọlọ, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè máa fi ọdún gbọọrọ tọrọ ohun tí kò mọ̀. Ọ̀gá wa nínú iṣẹ́ yìí ni Thomas Aquinas Mímọ́, ará Ítálì, tí ó kú ní ọdún 1274. Nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae, ó ní ohun tí a bá ń retí gbọ́dọ̀ ní àmì mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kòkó Odígbó ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó gbin kòkó lónìí mọ̀ pé yóò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí òun tó rí èso. Ohun tí ó ń retí dára: ibi ni a ń bẹ̀rù, rere ni a ń retí. Ohun náà kò ì tí ì dé. Owó kòkó tí ó ti wà nínú àpò ti di ayọ̀, kì í ṣe ìrètí mọ́. Ó ṣòro: oko ríro wà níbẹ̀, àrùn tí ń sọ èso di dúdú nígbà òjò wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ àti olè náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sọ pé òun ń retí omi tí ó wà nínú ìkòkò níwájú òun. Ẹ̀kẹrin, ó ṣeé ṣe. Ẹni tí ó gbin kòkó sórí àpáta kò ní ìrètí, àlá ni ó ń lá.

Lórí àmì kẹrin yìí ni Thomas ti sọ ohun tí a kà sí pàtàkì jù. Ó ní ọ̀nà méjì ni ohun kan lè gbà ṣeé ṣe fún wa: nípa agbára tiwa, tàbí nípa ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀nà kejì yìí ni ìrètí onígbàgbọ́ ń tọ̀. Ohun tí ó ń retí ni ìyè àìnípẹ̀kun pẹ̀lú Ọlọ́run, èyí tí ọwọ́ ènìyàn kò lè tó; ẹni tí ó sì fẹ̀yìn tì ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀. A lè tọrọ àwọn nǹkan ayé pẹ̀lú, iṣẹ́, ìlera, àbọ̀ ayọ̀ láti ìrìn-àjò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tọ̀. Nítorí náà, físà tí a kò rí gbà kò lè pa ìrètí onígbàgbọ́. Ó lè pa onígbàgbọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́kún, ìyẹn yàtọ̀.

Nínú ìwé kan náà, Thomas bèèrè ìbéèrè kan tí ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́: ṣé òtítọ́ ni pé ìrètí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọ̀mùtí? Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ iwájú ọ̀dọ́ pọ̀, ohun tí ó ti fi sẹ́yìn kéré, ara rẹ̀ gbóná, ìjákulẹ̀ kò sì tí ì bá a tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ó le lójú rẹ̀. Ní ti ọ̀mùtí, ọtí ni kò jẹ́ kí ó rí ewu tàbí kí ó mọ ibi tí agbára òun mọ. Ẹ wo ẹni tí ó mu paraga ní gáréèjì kí ó tó gun ọ̀kadà, ẹ ó gbà pé amòye ọ̀rúndún kẹtàlá yìí mọ Orè láìdé ibẹ̀ rí.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ba ìrètí jẹ́: ìkùgbù àti àìnírètí. Ìkùgbù ni ti ẹni tí ó ń fẹ́ ìdáríjì láìronúpìwàdà, tí ó ń fẹ́ ògo láìṣiṣẹ́. Aṣọ ìgbàgbọ́ ni ó máa ń wọ̀, ìdí nìyí tí kò fi tètè hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí ó wá gbé bírò rẹ̀ tọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run lọ fún ìfòróróyàn nígbà tí ìdánwò WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀, ìkùgbù ni ó ń ṣe. Tẹ́tẹ́ náà jẹ́ ìkùgbù, àfi pé kò tilẹ̀ dárúkọ Ọlọ́run. A kò sọ èyí láti fi ìjọ ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín; àwọn tí ń gbé bírò wá kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ ìjọ tiwa.

Jẹ́jẹ́ ni àìnírètí ń wọlé ní tirẹ̀. Thomas so ó mọ́ irú ìbànújẹ́ kan tí ń tẹ ọkàn mọ́lẹ̀ títí ènìyàn kò fi ní gbà mọ́ pé rere kankan lè kan òun. Lóde òní a ń gbọ́ nípa àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé oògùn apakòkòrò mu. Ó yẹ kí àlùfáà sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe gbogbo irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àìsàn ọkàn ń bẹ, àwọn dókítà rẹ̀ sì ń bẹ, ní Aro ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Ẹni tí ó lọ sọ́dọ̀ wọn kò sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, nítorí gbígba ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn wà nínú ohun tí ìrètí jẹ́. Nígbà tí Thomas fúnra rẹ̀ ń ka àwọn ohun tí ó lè dín ìbànújẹ́ kù, ẹkún sísun wà nínú rẹ̀, ìbákẹ́dùn ọ̀rẹ́ wà nínú rẹ̀, àṣàrò lórí òtítọ́ wà nínú rẹ̀, oorun àti ìwẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, oorun àti ìwẹ̀. A rọ àwọn olùkọ́ tí ń bójú tó àwọn ọmọ ilé-ìwé kí wọ́n fi èyí sọ́kàn.

Gbogbo èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ inú kíláàsì. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn kọlu Ṣọ́ọ̀ṣì Francis Xavier Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, nínú dáyósíìsì Oǹdó tiwa. Wọ́n fi ìbọn àti ohun abúgbàù pa ènìyàn tí ó lé ní 40 nínú àwọn tí wọ́n wá gbọ́ Mísà, àwọn ọmọdé wà lára wọn, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Bí ìrètí bá jẹ́ ìdánilójú pé ibi kò lè kan ẹni tí ó wà nínú ilé Ọlọ́run, ó kú ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Àwọn ènìyàn ń bi wá léèrè ibi tí Ọlọ́run wà. A kò ní ìdáhùn kankan tí ìyá tí a pa ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ yóò gbọ́ kí ó sọ pé ó tó.

Ohun tí Ìjọ lè sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀: pé ẹni tí a pa lórí àgbélébùú ni ó jíǹde, àti pé ìdájọ́ ń bẹ. Póòpù Benedict XVI kọ ìwé kan lórí ìrètí, Spe Salvi, tí ó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2007. Níbẹ̀ ni ó ti fi yé wa pé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo ni ìdí tí ó lágbára jù lọ fún ìgbàgbọ́ nínú ìyè àìnípẹ̀kun. Bí ohun gbogbo bá parí sí ibojì, a jẹ́ pé apànìyàn ni ó borí títí láé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a fi ìdájọ́ ìkẹyìn dẹ́rù bà ní kékeré. Póòpù yìí gbé e sí abẹ́ ìrètí, a sì rò pé àwọn ará Ọ̀wọ̀ yóò mọ ìdí rẹ̀ ju àwa tí a kọ́ ọ nínú ìwé lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ọmọbìnrin Áfíríkà kan ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, Josephine Bakhita, ọmọ Darfur ní Sudan. Àwọn ajínigbé jí i gbé nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n tà á lọ́jà ẹrú. Ojú ọgbẹ́ 144 ni ó wà lára rẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà tí ó dé Ítálì ni ó gbọ́ pé Ọ̀gá kan wà tí ó ga ju gbogbo àwọn ọ̀gá tí ó ti sìn lọ, pé Ọ̀gá náà mọ òun, Ó fẹ́ràn òun, wọ́n sì ti na Òun náà rí. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1890. Ó di arábìnrin nínú ìsìn, ó kú ní ọdún 1947, Ìjọ sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. Ẹ kíyè sí i pé ojú ọgbẹ́ náà kò parẹ́.

Ó ku ìbéèrè kan tí àwọn ènìyàn ń bi wá ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ìyẹn ni pé ṣé a lè bá ẹlòmíràn ní ìrètí. Thomas ní a lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìfẹ́ bá ti sọ àwa àti ẹni náà di ọ̀kan. Gabriel Marcel, amòye ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó wọ Ìjọ Àgùdà ní ọdún 1929, kọ́ èyí lọ́nà mìíràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó bá ẹgbẹ́ Red Cross ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wá ìròyìn àwọn ọmọ ogun tí wọ́n sọnù fún àwọn ẹbí wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ ìwé kan tí ó pè ní Homo Viator, èyí tí ó túmọ̀ sí ènìyàn arìnrìn-àjò. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ìrètí tòótọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnì kan ni a fi ọkàn tẹ̀, nítorí gbogbo wa. Thomas náà ti sọ ṣáájú pé ìrètí kò sí lọ́run mọ́, nítorí ohun tí a ń retí ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, kò sì sí ní ọ̀run àpáàdì, nítorí kò ṣeé ṣe mọ́. Ẹni tí kò tí ì dé ibi tí ó ń lọ ni ó ni í.

Àwọn ìyá wà láti Orè dé Odígbó tí ọmọ wọn gba aṣálẹ̀ lọ sí Libya, tí wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, tí Ìjọ yà sọ́tọ̀ fún àdúrà fún àwọn òkú, a máa ń gba ìwé orúkọ tí a ó gbé sórí pẹpẹ. Ìyá kan lè kọ orúkọ àwọn òkú rẹ̀ tán, kí ó wá dúró, kí ó bi wá pé, “Fádà, níbo ni kí n kọ ti eléyìí sí?” A kì í sọ fún un pé ọmọ náà wà láàyè, nítorí a kò mọ̀, a kì í sì í kọ ọ́ mọ́ àwọn òkú. Ìwé mìíràn wà fún irú wọn. Orí pẹpẹ ni ó ń wà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, àwọn ìyá fúnra wọn ni wọ́n sì ń wá kọ orúkọ náà sínú rẹ̀ bí ọdún bá ti yí.